Ọmọ tó ń wa òkúta l'Abẹ́òkúta: Ta ni yóò sanwó ká tó mọ iye wọn?

Láàárọ̀ Sátidé, bí tíńpà bá já òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níwájú ilé téèyàn ń kọ́, ohun mẹ́ta péré ni onílé máa ń béèrè. Èló ni? Ṣé ó kún dáadáa? Ṣé ògidì òkúta Abẹ́òkúta ni? Dírẹ́bà á ti bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Alàgbà, ẹ tiẹ̀ fojú ara yín wò ó. Òkúta Abẹ́òkúta ni, sà, kò lábùlà." Alàgbà á ka owó fún un, àwọn bíríkìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í po kọnkéré, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ìbéèrè kẹrin: ọwọ́ ta ló wa òkúta yìí jáde nínú ilẹ̀?

Ìbéèrè kẹrin yìí lọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí dá lé. Kì í ṣe pé gbogbo òkúta tó ń ti Abẹ́òkúta wá ló lọ́wọ́ ọmọdé nínú o. Ẹ̀rọ ńláńlá ló ń fọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòtò wà níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ kankan, tó jẹ́ dígà àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè sì ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mélòó ni wọ́n? Ta ló kó wọn wá? Ṣé wọ́n fipá mú wọn ni, àbí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá? Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn ìyẹn kò lè fẹnu lásán dáhùn rẹ̀. Owó ló máa ná sí i. Ibi tí wàhálà sì wà gan-an nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2003. Lóṣù August ọdún yẹn ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, pàṣẹ pé kí wọ́n ti bọ́dà tó wà láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin pa. Ó ní ìwà ọ̀daràn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ti pọ̀ jù. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí bọ́dà ọ̀hún padà, lóṣù September sí October, làwọn ọlọ́pàá ya wọ inú àwọn kòtò òkúta, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọdékùnrin jáde. Ọmọ 116 ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà sí Benin. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, wọ́n tún kó 74 mìíràn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 190. Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 10 wà nínú wọn. Àwòrán wọn jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn mi orí, wọ́n ní "Háà! Ìlú wa náà rèé!" Lẹ́yìn náà, kálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtàn nídìí. Ìhà Zou ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ti wá, pàápàá agbègbè tí wọ́n ń pè ní Za-Kpota. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Abomey, tó jẹ́ olú ìlú àwọn ọba Dàhòmì láyé àtijọ́. Lọ́dún 1851, Ọba Gezo kó ogun Dàhòmì wá ká àwọn Ẹ̀gbá mọ́ Abẹ́òkúta. Ẹrú ni wọ́n wá kó, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Lọ́dún 1864, Glele ọmọ rẹ̀ tún gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ta ni ì bá gbà nígbà yẹn pé lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún, ọmọ ìhà Abomey ni wọn yóò máa kó wá sí Abẹ́òkúta kan náà, tí yóò máa gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Kò síbọn, kò sí idà. Ẹnì kan ló kàn lọ bá òbí wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ariwo náà ń lọ lọ́wọ́, oríṣiíríṣií iye ni wọ́n ń pè. Àwọn kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin ló wà nínú kòtò l'Ògùn. Àwọn mìíràn ní ìsọkúsọ ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ṣùgbọ́n mélòó gan-an ló wà lẹ́yìn 190 yẹn? Kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Àwọn tí ọwọ́ bà ni wọ́n mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń fojú díwọ̀n iye báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lóṣù April 2001, ìròyìn kan gba gbogbo ayé: ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Etireno gbéra ní Kútọnu, wọ́n ní ọmọ tó lé ní 200 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ tà wọ́n sí Gabon. Gabon kò gbà á. Cameroon náà kò gbà á. Ọkọ̀ ń rìn káàkiri lórí òkun, ayé ń sunkún. Nígbà tó fi máa padà gúnlẹ̀ sí Kútọnu, ọmọdé tí wọ́n bá nínú rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n ti pariwo, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Kíá làwọn kan yí ohùn padà, wọ́n ní irọ́ gbáà ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́ o! Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ fi ṣòwò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àsọdùn ti bà á jẹ́. Téèyàn bá pariwo 200, tí wọn ò rí 200, wọn ò ní ka ìwọ̀nba tí wọ́n rí sí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí iye tó péye fi ṣe pàtàkì: òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè fi irọ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ti 2003, àwọn kan sanwó, wọ́n sì béèrè. Àjọ Terre des hommes, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Switzerland láti máa jà fún ọmọdé, rán àwọn olùwádìí sáàárín Benin àti Abẹ́òkúta, wọ́n sì gbé ìwé jáde lédè Faransé lọ́dún 2005. Ohun tí wọ́n rí kò jọ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tó ń kó ọmọ lọ sínú kòtò kì í ṣe àjèjì sí wọn, ọmọ abúlé wọn ni. Ẹni tó ti wa òkúta rí, tó ti dàgbà sí i, òun ló ń padà sílé lọ mú ọmọ ará àdúgbò. Àdéhùn á wà láàárín òun àti àwọn òbí: ọmọ á ṣe bí ọdún méjì, ọ̀gá á sì fún un ní nǹkan tó bá ń padà bọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere tàbí owó díẹ̀. Lójoojúmọ́, ọmọ á gbẹ́ ilẹ̀, á sẹ́ yẹpẹ kúrò, á kó òkúta jọ títí yóò fi tó ẹrù ọkọ̀ kan. Ẹrù ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́, ọ̀gá ló sì ń gbowó.

Ẹlòmíràn tún lọ. Neil Howard, olùwádìí láti Yunifásítì Oxford, lọ jókòó sáwọn abúlé ìhà Za-Kpota, ó tún dé Abẹ́òkúta. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí ló ń bi, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2017. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn sọ fún un ni pé kò sẹ́ni tó jí àwọn gbé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ni, nítorí kò sí owó nílé, iṣẹ́ kòtò ló sì lè mú kí àwọn ra kẹ̀kẹ́, kí àwọn kan páànù sórí ilé. Àwọn tí ayé ń pè ní ẹrú, aláàárù tó wáṣẹ́ lọ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Kí ló dé tí kò sówó nílé? Olùwádìí náà tọ ipa rẹ̀ dé ìdí òwú. Òwú lọjà pàtàkì tí Benin ń tà sókè òkun, òun làwọn àgbẹ̀ Zou fi ń sanwó ilé ìwé ọmọ. Nígbà tí ọ̀rúndún yìí bẹ̀rẹ̀, owó òwú já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Lára ohun tó fà á ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ń fi bílíọ̀nù dọ́là ṣèrànwọ́ fáwọn àgbẹ̀ olówùú tiwọn, èyí tó jẹ́ kí òwú pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ wá wo ọdún tí ó bọ́ sí. Lóṣù September 2003, níbi ìpàdé àjọ tó ń rí sí òwò àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe ní Cancún lórílẹ̀-èdè Mexico, ni Benin, Burkina Faso, Mali àti Chad ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dẹ́kun ìrànwọ́ òwú yẹn nítorí ó ń pa àgbẹ̀ àwọn. Ìpàdé náà fọ́ láìsí àdéhùn. Oṣù September kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ àwọn àgbẹ̀ Benin jáde nínú kòtò l'Abẹ́òkúta. Ta ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Kò sẹ́nì kankan. Ìwádìí tí wọ́n sanwó fún lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló so ó pọ̀.

Ẹlòmíràn á wá sọ pé, tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lọ ni, kí lẹjọ́ tó kù? Ẹjọ́ kù o. Òfin ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ṣe ní Palermo lọ́dún 2000, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 2001, sọ ọ́ gbangba pé tí ẹni tí wọ́n mú lọ fi rẹ́ jẹ kò bá tíì pé ọdún 18, fífẹ́ tàbí àìfẹ́ rẹ̀ kò lè dá ẹni tó mú un lọ láre. Ọmọdé kò mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Ti àgbàlagbà ló gba àgbéyẹ̀wò: àdéhùn tó tọwọ́ rẹ̀ bọ̀wé tẹ́lẹ̀ di ìfipá-múni-ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n há a mọ́lé, tàbí tí wọ́n ní gbèsè rẹ̀ kò tíì tán.

Yorùbá kúkú mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀fà ni. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọmọ bíbí inú ìlú ni. Ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí owó tí òun tàbí àwọn èèyàn rẹ̀ yá, ọjọ́ tí wọ́n bá san án ló dòmìnira. Láyé ọjọ́un, àṣà ní ìwọ̀n tirẹ̀, ará ilé rẹ̀ sì mọ ibi tó wà. Ọmọ tó wà nínú kòtò l'Abẹ́òkúta, tí òbí rẹ̀ wà ní Za-Kpota, ta ló máa mọ ìgbà tí gbèsè rẹ̀ tán? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí kò gbédè ìlú, dídákẹ́ ni tirẹ̀.

Ohun kan ni kí gbogbo èèyàn rí dì mú nínú ìwádìí méjèèjì yìí. Tó bá jẹ́ ajínigbé ló ń kó ọmọ, ọlọ́pàá ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àìlówó ló ń lé ọmọ kúrò nílé, kí ọlọ́pàá kó o padà lóṣù yìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún wá ọ̀nà jáde. Owó tí wọ́n fi gbé àwọn ọmọ 190 yẹn padà sílé, owó gidi ni. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi kúrò nílé kò lè sọ bóyá owó náà wúlò. Àwọn tó sọ pé fífi owó ṣe ìwádìí jẹ́ ìnákúnàá, ẹ bá wọn rò ó: èwo gan-an ni ìnákúnàá nínú méjèèjì?

Kì í ṣe pé Nàìjíríà jókòó láìṣe nǹkan kan. Lọ́dún 1999 ni Ìyá Ààfin Títí Abubakar, aya igbákejì Ààrẹ nígbà náà, dá àjọ WOTCLEF sílẹ̀. Òun pẹ̀lú àwọn mìíràn ló ti ọ̀rọ̀ náà títí tó fi di òfin lọ́dún 2003, òfin yẹn ló bí àjọ NAPTIP. Ọdún 2015 ni wọ́n tún òfin náà ṣe. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ rọra kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ẹlòmíràn wà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́, tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ń fọ abọ́ fún un ní kíṣìnnì.

Òfin wà, àjọ wà. Ohun tó ń ṣọ̀wọ́n ni ìmọ̀ nípa ibi tí àwọn èèyàn náà wà àti iye tí wọ́n jẹ́. Níbi tí kò bá sì sí ìmọ̀, ariwo ló máa ń darí owó. Ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ ṣe aṣẹ́wó ní Italy, gbogbo ayé mọ ìtàn rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí àjọ ILO gbé jáde lọ́dún 2022. Wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 27.6 ni wọ́n ń fipá mú ṣiṣẹ́ lágbàáyé lọ́dún 2021. Nínú wọn, mílíọ̀nù 6.3 ni wọ́n ń fipá mú ṣe aṣẹ́wó. Mílíọ̀nù 17.3 wà lóko, nínú ilé olówó, nídìí ilé kíkọ́, nínú kòtò, nínú ọkọ̀ apẹja. Ìjọba ló ń fipá mú àwọn yòókù. Lóòótọ́, ìdí aṣẹ́wó lowó pọ̀ sí: ìwádìí ILO tọdún 2024 ní èrè tí àwọn ọ̀daràn ń jẹ lórí ìfipá-múni-ṣiṣẹ́ tó 236 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń ti ìdí aṣẹ́wó wá. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí èèyàn la fẹ́ kà, àwọn tó wà nídìí dígà àti ọ̀bẹ oko ló pọ̀ jù. Àwọn gan-an sì ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ náwó ìwádìí lé lórí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ẹni tí wọ́n fi pamọ́? Ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe idán. Ọ̀nà kan ni ti ILO: wọ́n ń wọ ilé dé ilé láwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀, 68 ni wọ́n lò fún ti 2022 yẹn, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn nípa ara rẹ̀ àti nípa mọ̀lẹ́bí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Britain. Lọ́dún 2013, 2,744 ni iye èèyàn tó wà nínú ìwé ọlọ́pàá, ti àwọn aláàánú àti ti àwọn yòókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bernard Silverman wá fi àwọn ìwé yẹn wéra. Ẹ fojú inú wo ìnáwó kan tí èèyàn méjì ń kọ orúkọ àlejò, tí kálukú wọn dúró sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, táwọn àlejò sì ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Tó bá jẹ́ pé orúkọ kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì, a jẹ́ pé àlejò tí wọn kò kọ ò pọ̀. Tí orúkọ inú ìwé méjèèjì kò bá fi bẹ́ẹ̀ bára mu, a jẹ́ pé èrò rẹpẹtẹ ti kọjá láìjẹ́ pé wọ́n kọ wọ́n. Bí Silverman ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì sọ lọ́dún 2014 pé iye gidi wà láàárín 10,000 sí 13,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Britain ṣòfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n wá ẹnì kan tó wà láàárín wọn, kóun náà mú ẹlòmíràn wá, kí ìyẹn tún mú ẹlòmíràn wá. Bẹ́ẹ̀ ni Sheldon Zhang àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ní San Diego l'Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba ibẹ̀ ló sì fowó sí i. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbélùú tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ti rí ìyà tó bá ìtumọ̀ fífi èèyàn ṣòwò mu. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé kì í ṣe àwọn tó ń fi wọ́n gba ẹ̀yìn bọ́dà wọlé ló ń hùwà náà jù. Àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni. Tí kò bá sí ìwádìí yẹn, bọ́dà nìkan ni gbogbo ojú ì bá máa wò.

Kí ìkan nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí tó lè ṣẹlẹ̀ nínú kòtò l'Abẹ́òkúta, èèyàn tó gbọ́ èdè Fọ̀n gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì sanwó fún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí kò sí ọmọ tí yóò sọ òótọ́ fún àlejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ bi ọmọ léèrè lójú ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n má baà nà án lálẹ́. Ibi ààbò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún ọmọ tó bá ní òun fẹ́ kúrò, torí ìwà ìkà ni kéèyàn gbọ́ ẹkún ọmọ, kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kó sì wọkọ̀ lọ. Gbogbo ìyẹn, owó ni. Bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí wọ́n ń fi ṣe àpérò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, tí wọ́n ń pín báàgì àti bíírò.

Ta ni yóò san án? Láti ọjọ́ pípẹ́, òkèèrè la ń wò. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà lára àwọn tó ń náwó jù lágbàáyé láti gbógun ti fífi ọmọ ṣiṣẹ́ àti ìfipá-múni-ṣiṣẹ́. Lóṣù March 2025, wọ́n gbọ́n gbogbo rẹ̀ dànù. Iṣẹ́ 69 ni wọ́n fagi lé lójú ẹsẹ̀, owó tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 577 dọ́là, wọ́n ní kò ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń ka ọmọ lọ́wọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n fi bíírò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà. Owó wọn ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ́ni lọ́gbọ́n. Ẹni tó bá gbé ojú lé ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ni yóò sùn lébi.

Àwa náà sì lè ka ara wa. Lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ìṣirò, NBS, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ILO, ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ síta lọ́dún 2024: ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 24 ló ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 14 nínú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ tó léwu. Iye ọ̀hún ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó dára ká mọ̀ ọ́n ju ká má mọ̀ ọ́n lọ. Ohun tó kù ni pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, inú ilé ló ń wọ̀. Ọmọ tó ń sùn nínú àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, tí ilé rẹ̀ wà ní Za-Kpota, ilé wo ni wọn yóò ti kà á?

Àjọ TETFund wà, nínú owó-orí tí àwọn iléeṣẹ́ ń san ni wọ́n ti ń rówó, wọ́n sì ní àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn, FUNAAB, wà l'Abẹ́òkúta. Poli Moshood Abiola náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé méjèèjì lè wọ ọ̀kadà dé ibi kòtò kí oòrùn tó mú. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbowó lórí òkúta, àwọn kọngílá ń jẹ èrè lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú owó tí òkúta ń mú wá, tí wọ́n fi mọ ọwọ́ tó wà á, ta ló máa pa lára? Nàìjíríà àti Benin ti fọwọ́ sí àdéhùn lọ́dún 2005 pé àwọn yóò jọ gbógun ti òwò ọmọ. Kí wọ́n wá jọ sanwó kíka àwọn ọmọ náà, kí ẹni tó gbọ́ Fọ̀n àti ẹni tó gbọ́ Yorùbá jọ máa rìn pọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ ọ̀hún ìbáà jẹ́ ti Fọ̀n, ọmọ náà ni.

Àwọn tó ń kọ́lé náà ní iṣẹ́ tiwọn, kò sì gba owó TETFund. Tí tíńpà bá tún já òkúta sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí alàgbà tún ìbéèrè ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti béèrè iye, tó wò ó bóyá ó kún, tó mọ̀ bóyá ti Abẹ́òkúta ni, kó wá bi dírẹ́bà pé, "Ọmọ mi, ta ló ń wa òkúta níbi tẹ́ ẹ ti ń gbé e yẹn?" Ó ṣeé ṣe kí dírẹ́bà má mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó wojú alàgbà, kó rò pé oòrùn ló ń pa á. Ṣùgbọ́n tí onílé mẹ́wàá bá béèrè, dírẹ́bà á bi ẹni tó ń tà á fún un. Tí dírẹ́bà mẹ́wàá bá béèrè, ọ̀gá kòtò á mọ̀ pé ojú ti ń wo òun. Ìbéèrè ni gbogbo ìwádìí fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí iye tí wọ́n ń san lórí èyí tí onílé bá béèrè níwájú ilé ara rẹ̀.